Ológbò dúdú tí ó ní kòkòrò FIV: ṣé kí n gbà á sílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Olùkọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní agbègbè Tákíé. Nígbà tí mo lọ sí Ìbàdàn, mo rí ológbò dúdú kan ní ilé tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹranko tí kò ní olùtọ́jú jọ. Akọ ni, wọ́n ní yóò tó ọmọ ọdún márùn-ún. Èrìgì rẹ̀ wú, wọ́n sì sọ fún mi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ó ní kòkòrò FIV. Ó wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ọkàn mi kò sì kúrò lára rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ méjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ológbò abo kan wà nílé tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tí ó lóyún sì ń bọ̀ wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyá ọkọ mi ní éèdì ológbò ni, pé yóò ràn wá. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èrò mi ni pé ẹ lè gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe kí ẹ tó mọ ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an. FIV ni ó ń ba ìyá lẹ́rù. Èrìgì tí ó wú náà ni ó ń ba èmi lẹ́rù, pẹ̀lú àwọn nǹkan kan tí ó wà nínú ilé gbogbo wa tí a kì í kà sí ewu.

Ọ̀rọ̀ ìyá ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ka kòkòrò FIV àti kòkòrò HIV tí ó ń fa éèdì sí, ọ̀nà tí àwọn méjèèjì fi ń ba agbára tí ara fi ń bá àrùn jà jẹ́ sì jọra. Ọdún 1986 ni wọ́n rí FIV fún ìgbà àkọ́kọ́, lára àwọn ológbò kan tí ń ṣàìsàn ní ìlú Petaluma, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1987. Láti ìgbà náà, a kò tíì rí ènìyàn kan ṣoṣo tí FIV ràn, títí kan àwa dókítà ẹranko tí ológbò ń bù jẹ tí ó sì ń ha lára lẹ́nu iṣẹ́. Ara ológbò nìkan ni kòkòrò náà mọ̀ ọ́n gbé. Bí àwọn ọmọ yín bá gbé e lé ẹsẹ̀, bí ó bá lá wọn lọ́wọ́, bí ó bá sùn sórí ibùsùn wọn, FIV kò ní kọjá sí wọn lára. Ẹ lè fi èyí dá ìyá lójú pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé dókítà ẹranko ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ológbò lè fún ọmọ ènìyàn, tí ó sì yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà wá ju ti FIV lọ, ni àrùn dìgbòlugi. Lóòótọ́, ajá ni ó ń kó o ràn wá jù, ṣùgbọ́n ológbò tí ajá tàbí ẹranko mìíràn tí ó ní àrùn náà bá bù jẹ lè kó o, àrùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi ẹnì kankan sílẹ̀ láàyè lẹ́yìn tí àmì rẹ̀ bá ti hàn. Nítorí náà, kí ológbò yìí tó wọ ọkọ̀ kúrò ní Ìbàdàn, kí ẹ gba ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá tíì gbà á, kí wọ́n fún un, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ní FIV kí ó lè lo àjẹsára tí a fi kòkòrò tí ó ti kú ṣe. Bí ológbò bá bu ọmọ jẹ nígbà kankan, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti ológbò fúnra rẹ̀, FIV kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ọ̀pọ̀ ológbò tí ó ní in ń gbé ọdún púpọ̀ láìsí àmì àìsàn kankan, àwọn mìíràn sì ń pẹ́ láyé tó àwọn tí kò ní in. Mo tọ́jú ọ̀kan ní Ọ̀yọ́ fún ọdún mẹ́jọ, ilé ìyá àgbà kan tí ń ta aṣọ òkè ni ó wà, kíndìnrín ni ó sì pa á lẹ́yìn tí ó ti di arúgbó, bí ó ti ń pa ọ̀pọ̀ ológbò àgbàlagbà tí kò ní FIV rárá. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú títọ́jú irú wọn ni pé ohun kékeré kì í ṣe kékeré fún wọn. Ọgbẹ́ tí ológbò mìíràn yóò lá títí yóò fi jinná lè di oówo fún tiyín. Ọ̀fìnkìn ọjọ́ mẹ́ta lè di ti oṣù kan. Ẹni tí ó bá gba irú ológbò bẹ́ẹ̀ ti gbà láti máa fura ni gbogbo ìgbà.

Ó tó àkókò kí n sọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ológbò tí ó ní FIV máa ń ní ìṣòro èrìgì, ṣùgbọ́n èrìgì wíwú yàtọ̀ síra wọn. Òmíràn wú díẹ̀ ní ìdí eyín nítorí ìdọ̀tí tí ó ti le mọ́ eyín. Dókítà yóò kun ún lóorun, yóò fọ eyín náà, ọ̀rọ̀ sì parí. Òmíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo èrìgì yóò pọ́n bí ẹran tútù, pípọ́n náà yóò dé ẹ̀yìn ọ̀fun, itọ́ yóò máa kán, ẹnu yóò máa rùn, ebi yóò sì máa pa ẹranko náà níwájú oúnjẹ nítorí pé ìrora kò jẹ́ kí ó lè jẹ. Fún irú èyí, òògùn a máa dín in kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó sábà máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jù lọ ni kí a yọ ọ̀pọ̀ nínú eyín wọn tàbí gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun ènìyàn láti gbọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ológbò tí kò ní eyín a máa jẹun dáadáa tí oúnjẹ rẹ̀ bá rọ̀, ó sì sàn fún un ju kí ó ní eyín tí ń dá a lóró lójoojúmọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá padà lọ sí Ìbàdàn, ẹ má lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un lóúnjẹ. Ẹ dé ibẹ̀ kí ó tó jẹun, kí ẹ jókòó, kí ẹ sì wò ó bí ó ṣe ń jẹ. Ṣé ó ń sáré dé ìdí àwo, kí ó wá fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó? Ṣé ó ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè fi apá kan ẹnu jẹ? Ṣé oúnjẹ ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀? Ṣé ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú nu ẹnu léraléra? Ṣé irun ara rẹ̀ ti di jákujàku nítorí pé kò lè lá ara rẹ̀ mọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìdí àwo yóò sọ fún yín ju ohun tí ìwé yóò sọ lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ FeLV wò pẹ̀lú. Kòkòrò mìíràn ni èyí, itọ́ àti àwo oúnjẹ tí ológbò jọ ń lò lè gbé e kiri, ó sì burú ju FIV lọ dáadáa. Bí ó bá ní FeLV, nítorí ológbò yín tí ó wà nílé, mi ò ní sọ pé kí ẹ mú un wá. Ẹ tún béèrè pé kí wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bí wọn kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá kì í fẹ́ jókòó sílé, ìjà ni ó ń wá kiri, ìjà náà ni ó sì ṣeé ṣe kí ó ti kó FIV sí i lára.

Ìyẹn gbé wa dé ọ̀dọ̀ ológbò abo yín. Bíbunijẹ tí ó wọlé jinlẹ̀, tí itọ́ fi dénú ẹ̀jẹ̀, ni FIV fi ń ti ara ológbò kan bọ́ sí ara òmíràn. Kòkòrò náà kì í pẹ́ kú bí ó bá ti bọ́ síta, nítorí náà jíjẹun nínú àwo kan náà tàbí lílá ara ẹni kì í sábà kó o ràn. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà ni bóyá àwọn méjèèjì yóò jà. Ẹ fi ológbò tuntun sí yàrá tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹ máa mú aṣọ tí ọ̀kan sùn lé lọ fún èkejì kí wọ́n mọ òórùn ara wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ máa gbé oúnjẹ ọ̀kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ti èkejì sí iwájú, kí wọ́n máa jẹun pọ̀ láìrí ara wọn. Bí ẹ bá wá ṣí ilẹ̀kùn, kíkùn àti fífín díẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lé ara wọn tí irun ń fò, tí kò sì dẹ́kun lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: ilé yẹn kọ́ ni ilé rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti bá àwọn ará Ìbàdàn ṣe àdéhùn ṣáájú pé wọn yóò gbà á padà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ni mo fẹ́ kí ẹ wò báyìí, kí ẹ yí i ká láti yàrá dé ilé ìdáná. Nínú gbogbo ológbò tí wọ́n ti gbé wá bá mi ní ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn tí mo sunkún lé lórí kì í ṣe àwọn tí FIV pa. Obìnrin kan fún ológbò rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná ní ìdajì hóró parasítámọ́ọ̀lù, tìfẹ́tìfẹ́, gẹ́gẹ́ bí yóò ti fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ojú ẹranko náà ti wú, èrìgì rẹ̀ ti dúdú bí omi kọfí, èémí rẹ̀ sì ti ń já. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ tiwa fi ń tú òògùn yẹn palẹ̀. Hóró kan ṣoṣo tí ó jẹ́ mílígíráàmù 500 tó láti pa odidi ológbò. Kò sí ìwọ̀n kékeré tí ó dára nínú rẹ̀. Bákan náà ni òògùn eégbọn tí a ṣe fún ajá: bí ẹ bá rí permethrin lára páálí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kan ológbò lára, nítorí pé gìrì ni yóò fi mú un. Ọ̀tapíapíá tí a ń fọ́n sí igun ilé fún aáyán ń mọ́ ológbò lẹ́sẹ̀, yóò sì fi ahọ́n lá a. Eku tí ó ti jẹ òògùn eku yóò máa rìn tàgétàgé, ológbò yóò sì rò pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé alájọgbé, ẹ nílò láti bá àwọn aládùúgbò sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó dé.

Ẹ óò sì tún bá wọn sọ̀rọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí àwọn kan nínú wa máa ń rò bí wọ́n bá rí ológbò dúdú lórí òrùlé lóru. Ó dùn mí pé mo ti rán ẹsẹ̀ àti orí tí wọ́n fi òkò là nítorí àwọ̀ irun lásán. Kí ológbò yìí má jáde rárá. Inú ilé ni yóò gbé, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn sí ojú fèrèsé, kí ẹ sì so okùn aláwọ̀ pupa mọ́ ọn lọ́rùn kí ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé ó ní ilé. Jíjókòó sílé yìí náà ni kò ní jẹ́ kí ó kó àrùn láti ìta, tí kò sì ní jẹ́ kí ó kó FIV ran ológbò ẹlòmíràn.

Ní ti oúnjẹ, mo mọ̀ pé owó oúnjẹ ológbò inú àpò ti ga, kò sì sí ní gbogbo ọjà. Bí agbára yín bá ká a, ẹ máa rà á, kí ẹ fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́ nítorí èrìgì rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi oúnjẹ ilé kún un, ẹja ṣáwá, kòtè, ẹran adìyẹ àti ọkàn adìyẹ dára, ṣùgbọ́n kí ẹ bọ̀ wọ́n jinná, nítorí pé ẹran tútù máa ń ní kòkòrò tí ara rẹ̀ kò ní lè bá jà. Ẹ yọ egungun kúrò pátápátá. Ẹ má fi iyọ̀, ata, àlùbọ́sà tàbí máàgì sí i. Àlùbọ́sà nìkan ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Omi tí ẹ fi bọ ẹja náà, ẹ má dà á nù, ẹ bù ú lé e. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní taurine, inú ẹran àti ẹja ni ó wà, ó sì máa ń jáde sínú omi tí a fi sè wọ́n; ológbò tí kò bá rí i jẹ tó lè fọ́jú, ọkàn rẹ̀ sì lè wú títí yóò fi kú. Ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ ní California fi ìdí ti ọkàn yìí múlẹ̀. Ẹ̀bà àti àmàlà tí a ń dà sílẹ̀ fún ológbò nílé wa ń kún un níkùn lásán.

Àbúrò yín tí ó lóyún kò níláti sá fún un. Ohun tí a ń ṣọ́ níbẹ̀ ni kòkòrò kan tí ń jẹ́ toxoplasma, tí ó lè jáde nínú ìgbẹ́ ológbò, tí ó sì lè pa ọmọ inú oyún lára. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè kó o ràn ènìyàn. Yóò tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kí kòkòrò náà tó gbó. Bí a bá ń kó àpótí iyanrìn rẹ̀ lójoojúmọ́, a ti já a gbà ní ẹnu. Kí ẹlòmíràn máa kó o, kì í ṣe àbúrò yín, kí ẹni náà sì fọ ọwọ́. Kí àbúrò yín fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ó tó jẹ ẹ́, kí ó má sì jẹ ẹran tí kò jinná, nítorí pé ọ̀nà wọ̀nyí náà ni kòkòrò yìí sábà ń gbà dé ara ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ owó àti dókítà kò gbọ́dọ̀ di ohun tí a ń rò lẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko sì wà ní Yunifásítì Ìlọrin, èyí tí ó sún mọ́ yín ju Ìbàdàn lọ. Ẹ wá dókítà tí yóò máa rí i ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí ẹ sì ya owó kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù kí àìsàn tó dé, nítorí pé yíyọ eyín nìkan lè gba owó tí ẹ kò ní lè wá lọ́jọ́ kan. Bí owó yẹn kò bá lè jáde láìfọwọ́ kan owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ tún ní kí ọkọ yín sọ èrò wọn tán, kí ìyá náà sì sọ tiwọn, nítorí pé ẹranko tí ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ nínú ilé máa ń jìyà lọ́jọ́ tí ẹni náà bá rin ìrìn àjò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí i, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gbé e, kí oòrùn tó mú, nínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí tí ó ní ihò, kí ẹ má sì ṣí i títí ẹ ó fi wọ inú yàrá tirẹ̀, ì báà ké. Ó lè wọ abẹ́ ibùsùn kí ó má jáde ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ má fà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo ọjọ́ kan gbáko láìfi ẹnu kan oúnjẹ, ẹ pe dókítà. Ológbò kì í lè gbààwẹ̀ bí ajá. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ní iṣẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú ológbò lọ́wọ́, kí ẹ tún gùn ún láìgbé e, kí ọmọ náà yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kí ó sì kọ ohun tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Bí ológbò kílò mẹ́rin bá fi ìdajì kílò rù, ó dà bí kí ènìyàn kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta fi kílò mẹ́jọ rù, irun rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ojú yín rí i. Bí nọ́ńbà náà bá lọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì léra wọn, ẹ gbé e àti ìwé náà wá, ẹ má dúró de àmì mìíràn.